Ìdàrọ́ Yuréníọ̀mù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ọ́ Lára Òkúta, àti Ohun Tó Ń Kù Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé, ọ̀rọ̀ òkúta kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Yuréníọ̀mù ni orúkọ ohun tó wà nínú òkúta náà. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀: yu-ré-ní-ọ̀-mù.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù ní Tógò. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá nítorí pé wọ́n ti ń wà á ní ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀, lókè wa, láti ọdún 1971. Àwọn ọmọ Tógò àti àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti padà wálé. Ẹni tó ń bọ̀ láti àjò kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àgbá òfìfo ń bá ọkọ̀ rìn, irin àlòkù náà ń bá ọkọ̀ rìn. Ó yẹ kí a mọ irú ẹrù tó yẹ kí a gbà àti irú èyí tó yẹ kí a kọ̀.

INÁ, OMI, ÁSÍÌDÌ

Ohun tó wà nínú òkúta kì í jáde fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń fi ọgbọ́n yọ ọ́. Ọgbọ́n náà kì í sì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Iná ni wọ́n fi ń yọ irin. Ẹ̀yin tó wà ní Sokodé mọ ọ̀nà Bassar. Ní Bassar àti ní Banjeli, àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ yọ́ irin fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fi amọ̀ mọ iléru tó ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n da òkúta irin àti èédú sínú rẹ̀, wọ́n sì dáná sí i. Wọn kò fẹ́ ẹwìrì sí i. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé. Irin dúró sínú iléru, ìdàrọ́ sì ṣàn lọ sọ́tọ̀. Nígbà tí irin Yúróòpù gba ọjà, iṣẹ́ náà kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1985, àwọn àgbà Banjeli tún iléru kan mọ, wọ́n sì yọ́ irin nínú rẹ̀ kí wọ́n lè ya á sí fíìmù. Òkìtì ìdàrọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọdé ń gùn ún, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan.

Omi ni wọ́n fi ń yọ wúrà. Wọ́n ń da yanrìn sínú igbá tàbí sórí pákó, wọ́n ń fi omi ṣàn án. Yanrìn fúyẹ́, omi á gbé e lọ. Wúrà wúwo, á jókòó sílẹ̀.

Yuréníọ̀mù ńkọ́? Iná kò lè yọ ọ́ bí irin. Omi lásán kò lè yọ ọ́ bí wúrà. Ó fọ́nká sínú òkúta débi pé ojú kò rí i. Ásíìdì ni wọ́n fi ń yọ ọ́.

KÍ NI YURÉNÍỌ̀MÙ?

Yuréníọ̀mù jẹ́ irin kan tó wúwo ju òjé lọ. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Martin Klaproth ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ní ọdún 1789. Ní ọdún 1896, Henri Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i pé ohun kan ń jáde lára rẹ̀ tí ojú kò rí. Ohun náà la ń pè ní ìtànṣán. Ó dà bí ooru tó ń ti ara iná jáde. Ṣùgbọ́n ara wa mọ ooru, kò mọ ìtànṣán yìí. Kò gbóná, kò rùn, kò dún.

Wọ́n ń fi yuréníọ̀mù ṣe iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ Faransé, òun ló ń mú èyí tó ju ìdajì iná wọn lọ wá. Òun náà ni wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù tó pa ìlú Hiroshima run ní ọdún 1945. Ìdí nìyẹn tí ìjọba gbogbo ayé fi ń ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè gbé e lọ sí ọjà bí ẹni gbé iṣu.

Òkúta tó ní i nínú pọ̀ ní aṣálẹ̀ ìhà àríwá Nìjẹ́ẹ̀, ní ìlú Arlit. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ SOMAÏR sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1968, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Ilé iṣẹ́ kejì, COMINAK, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978 ní Akouta. Owó ṣàn nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe Arlit ní Paris kejì. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba Nìjẹ́ẹ̀ gba SOMAÏR sí ọwọ́ ara rẹ̀.

IṢẸ́ NÁÀ LẸ́SẸẸSẸ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpò àgbàdo mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 100. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 1,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan. Bí ó bá jẹ́ òkúta Arlit tó dára ló wúwo tó bẹ́ẹ̀, kílò 2 tàbí 3 péré ni yuréníọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Ó dà bí bọ́ọ̀lù àgbàdo kan láàárín àpò mẹ́wàá. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí bọ́ọ̀lù kan náà yọ?

Ìkíní: wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹni lọ àgbàdo. Eruku pọ̀ níbẹ̀. Eruku yìí léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n máa wọ́n omi sí i, kí òṣìṣẹ́ sì fi nǹkan bo imú.

Ìkejì: wọ́n á da ásíìdì sí i. Ásíìdì náà ni irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, tó ń jó aṣọ àti awọ ara. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ ó da eérú sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, ẹ ó da omi lé e. Omi á gba inú eérú kọjá, á fa agbára eérú náà, á sì máa kán sílẹ̀. Eérú á kù lókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ásíìdì ṣe ń fa yuréníọ̀mù jáde lára òkúta. Bí òkúta náà bá jẹ́ irú èyí tó ń pa agbára ásíìdì, omi tí wọ́n po sódà mọ́ ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀.

Ìkẹta: wọ́n á sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Omi tó ti fa yuréníọ̀mù mọ́ra lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Ẹrẹ̀ tó kù lọ sí òkìtì. Ẹ fi ẹrẹ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí orí rẹ̀.

Ìkẹrin: nǹkan mìíràn ṣì wà nínú omi náà pẹ̀lú yuréníọ̀mù. Wọ́n á po epo kan tó jọ kerosíìnì mọ́ ọn, tí wọ́n ti fi oògùn sí. Epo kì í bá omi lò pọ̀, ẹ mọ ìyẹn. Nígbà tí epo bá padà léfòó sójú omi, á ti gbé yuréníọ̀mù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi omi mìíràn gbà á lọ́wọ́ epo.

Ìkarùn-ún: wọ́n á fi oògùn kan sí omi yìí, yuréníọ̀mù á sì di lúbúlúbú, á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ògì ti ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n á da omi ojú rẹ̀ nù, wọ́n á gbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lúbúlúbú náà pọ́n bí pupa ẹyin. Wọ́n á dà á sínú àgbá irin tó tó àgbá epo onílítà 200, wọ́n á sì dé e pa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ńlá ń gbé àwọn àgbá wọ̀nyí gba Malanville àti Parakou lọ sí èbúté Cotonou. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yí padà ní Nìjẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ti ẹnu ibodè, ọ̀nà náà kò rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ KÒ BÁ TÓBI

Ọlọ ńlá àti agbada ásíìdì ń jẹ owó púpọ̀. Níbi tí iṣẹ́ kò ti tóbi, tàbí níbi tí yuréníọ̀mù inú òkúta kéré, òkìtì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á tẹ́ ọ̀rá líle sílẹ̀, wọ́n á kó òkúta tí wọ́n ti fọ́ lé e lórí bí òkè kékeré. Wọ́n á na páìpù sórí rẹ̀, ásíìdì á máa kán sí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ á gba kòtò lọ sínú adágún. SOMAÏR náà ti lo òkìtì fún òkúta tí kò lọ́rọ̀. Nínú adágún yìí, wọ́n lè lo hóró róbótó kéékèèké tó dà bí ẹyin ẹja, tó ń fa yuréníọ̀mù mọ́ra.

Ní Kasakstáànì, tó ń mú yuréníọ̀mù jáde ju gbogbo orílẹ̀-èdè lọ, wọn kì í wa ilẹ̀ rárá ní ibi púpọ̀. Wọ́n ń gbẹ́ ihò bí ẹni gbẹ́ kànga pọ́ńpù, wọ́n á rán ásíìdì wọ ilẹ̀ láti ihò kan, wọ́n á sì fà á jáde láti ihò mìíràn.

Ọ̀nà òkìtì kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá ìdí òkìtì bá ya, ásíìdì á wọ ilẹ̀ lọ bá omi kànga. Bí adágún bá kún ní àsìkò òjò, á ṣàn kọjá etí. Ní aṣálẹ̀ Arlit, òjò kò wọ́pọ̀. Ní ìhà tiwa, òjò ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀, omi púpọ̀ sì ń ṣàn lọ bá odò Mono. Bí ẹnikẹ́ni bá wá wa irú nǹkan báyìí ní ilẹ̀ wa lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ òjò ló yẹ kí a kọ́kọ́ bá a sọ.

ÌDÀRỌ́ TÓ YÀTỌ̀ SÍ TI IRIN

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí ẹrẹ̀ tí wọ́n kó sí òkìtì. Òun ni ìdàrọ́ yuréníọ̀mù. Nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan, kílò díẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Gbogbo ìyókù ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ènìyàn lè rò pé, “Wọ́n ti yọ yuréníọ̀mù kúrò, ewu ti tán.” Ewu kò tán. Yuréníọ̀mù dà bí bàbá tó bí ọmọ púpọ̀ sínú òkúta náà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tó ń di nǹkan mìíràn: ọ̀kan ni tọ́ríọ̀mù, ọ̀kan ni rédíọ̀mù. Bàbá nìkan ni ilé iṣẹ́ ń mú lọ. Àwọn ọmọ dúró sínú ẹrẹ̀. Bí ìtànṣán tó wà nínú òkúta bá jẹ́ 100, nǹkan bí 85 ló ṣì wà nínú ìdàrọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Báwo ni yóò ti pẹ́ tó? Rédíọ̀mù ń lo ọdún 1,600 kó tó dín sí ìdajì. Tọ́ríọ̀mù yìí ń lo nǹkan bí ọdún 75,000. Láti ara rédíọ̀mù ni gáàsì kan tún ti ń jáde, rédọ̀nù ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ á fọ́n ọn ká. Nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, á kó jọ. Ẹni tó ń mí i sínú fún ọdún púpọ̀ lè ní àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Yuréníọ̀mù fúnra rẹ̀, bí ó bá gba oúnjẹ tàbí omi wọ inú, ń ba kíndìnrín jẹ́.

COMINAK ti iṣẹ́ pa ní ọjọ́ 31, Oṣù Kẹta, ọdún 2021. Àwọn ọ̀gá lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù ìdàrọ́ ló kù sílẹ̀ ní Akouta. Àwọn ará Arlit ni wọ́n ń bá a gbé.

OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN MÌÍRÀN

Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1944 sí 1986, wọ́n wa yuréníọ̀mù ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn Navajo. Púpọ̀ nínú ibi ìwakùsà náà kéré. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ òkúta, ọkọ̀ ń gbé e lọ sí ilé ìlọkúta. Wọ́n ń mu omi tó ń sun lára ògiri ihò. Wọ́n ń wọ aṣọ eléruku lọ sílé, ìyàwó wọn á fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ ọmọ. Òkúta tó kù dára fún ilé kíkọ́, wọ́n sì fi kọ́ ilé. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ọkùnrin náà. Ní 1990 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin láti san owó ìtánràn fún àwọn tó ṣàìsàn. Ibi tí wọ́n wà tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ju 500 lọ.

Ní ìlú Grand Junction, ní orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n rí i pé ìdàrọ́ yuréníọ̀mù dà bí yanrìn tó dára. Wọ́n kó o sí ìpìlẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Ìjọba ní láti padà wá wú u kúrò lábẹ́ ilé wọn.

Ní Kóńgò, ní Shinkolobwe, níbi tí yuréníọ̀mù bọ́ǹbù 1945 ti jáde, àwọn òyìnbó ti ibẹ̀ pa ní 1960. Lẹ́yìn 1997, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ ń fi ọwọ́ gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀tì níbẹ̀. Wọn kò wá yuréníọ̀mù, ṣùgbọ́n ó wà nínú òkúta kan náà. Ìjọba fòfin dè é ní Oṣù Kìíní ọdún 2004. Àwọn kan ṣì ń wọlé. Ní Oṣù Keje ọdún náà, ihò ya lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn.

Ní Arlit ńkọ́? Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ CRIIRAD láti ilẹ̀ Faransé lọ wọn ìtànṣán níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Aghirin'man ti Arlit ló ké sí wọn. Wọ́n rí irin àlòkù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń tà ní ọjà ìlú, tí ìtànṣán wà lára rẹ̀. Ní 2009, ẹgbẹ́ Greenpeace náà lọ. Wọ́n rí òkúta ìwakùsà ní ojú pópó ìlú Akokan, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kó díẹ̀ nínú wọn kúrò.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ní kíláàsì wa ní Kambolé, ìyá kan béèrè pé, “Bí mo bá fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ àgbá náà, ṣé kò ní mọ́ ni?” Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: a lè fọ eruku, ṣùgbọ́n a kò lè mọ̀ pé ó ti tán, nítorí ojú kò rí i. Alágbẹ̀dẹ kan náà tún lè sọ pé iná òun á pa á. Iná kì í pa ìtànṣán. Bí ẹ bá yọ́ irin náà tí ẹ fi rọ ìkòkò, ìtànṣán wà nínú ìkòkò.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ má ṣe ra àgbá, páìpù tàbí irin àlòkù tó ti ibi ìwakùsà yuréníọ̀mù wá. Bó ti wù kó pọ́jú owó tó, ẹ má fi pọn omi, ẹ má fi tọ́jú àgbàdo, ẹ má fún alágbẹ̀dẹ.

2. Ẹ kọ́ àmì yìí: igun mẹ́ta tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí pupa ẹyin, tó ní abẹ̀bẹ̀ dúdú mẹ́ta nínú. Lára ẹrù, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ RADIOACTIF tàbí RADIOACTIVE, àti nọ́ńbà 7. Ẹ̀yin tó ti mọ̀wé kà, ẹ kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì kí ọmọdé náà lè mọ̀ ọ́n.

3. Bí ọkọ̀ tó gbé irú ẹrù yìí bá ń kọjá lọ lójú pópó, kò sí ohun tí yóò ṣe yín. Bí ó bá ṣubú tí ẹrù sì dà sílẹ̀, ẹ sá sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má bù ú. Ẹ sọ fún ọba ìlú àti àwọn agbófinró lójú ẹsẹ̀.

4. Ẹni tó bá ń lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà, kó fi aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Kó wẹ̀ kó tó wọlé bá ọmọ.

5. Bí ilé iṣẹ́ kankan bá wá wa òkúta kankan ní ilẹ̀ yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wọn níwájú gbogbo ìlú. Níbo ni ẹ ó kó ìdàrọ́ sí? Níbo ni omi rẹ̀ yóò ṣàn sí? Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ti lọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Kí ẹ kà á fúnra yín kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí ló fà á tí ìdàrọ́ irin Bassar kò fi ṣe ènìyàn ní nǹkan, tí ti yuréníọ̀mù sì ń ṣe é?

Èwo nínú iṣẹ́ ilé wa ló jọ bí ásíìdì ṣe ń fa yuréníọ̀mù jáde?

Àgbá tí a fi ń pọn omi ní ilé yín, ta ló mọ ibi tó ti wá?